A Ti Dúpẹ́ Ọkọ̀ Náà Tán

Nígbà tí mò ń sọ yìí, bí ẹ bá dé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé Tísà Ayọ̀rìndé fún yín, kò sẹ́ni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ ọ̀dà ara ilé tàbí irú páànù orí rẹ̀. Wọn á ní kí ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò níwájú ìta. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà débẹ̀, kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan rí. Pijó ayé àtijọ́ ni, ẹlẹ́yìn gígùn, irú èyí tí àwọn èrò ọ̀nà jíjìn máa ń wọ̀ nígbà kan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, dígí rẹ̀ pé, àga inú rẹ̀ sì rẹwà ju àga pálọ̀ Tísà fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò kàn rí ilẹ̀ ni, àti koríko tó gba àárín irin hù jáde. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má tètè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tálákà ni Ayọ̀rìndé, oko ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó wà ní kékeré, hẹdimásítà ilé-ìwé wọn ní irú Pijó yìí gan-an. Bí ọkọ̀ náà bá ti yọ lókè, àwọn ọmọ ilé-ìwé á dákẹ́ wẹ́lo, àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn á máa kí i, àwọn bàbá tó ju hẹdimásítà lọ lọ́jọ́ orí náà á bọ́ fìlà. Ohun tí Ayọ̀rìndé rí nìyẹn tó fi pinnu pé iṣẹ́ tísà lòun ó ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo dókítà àti lọ́yà, òun ní tísà ló wu òun. Ìgbà tí yóò sì fi di tísà, ayé ti yí. Ọ̀kadà ni hẹdimásítà tirẹ̀ ń gùn wá síṣẹ́, àwọn tísà yòókù ń fẹsẹ̀ rìn, owó oṣù a sì máa dé nígbà tó bá wù ú. Ó ti gba ṣọ́ọ̀kì tán kó tó mọ̀ pé ọkọ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà mọ́. Inú bí i, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ohun kan ni wọ́n fi pè é, ohun mìíràn ni wọ́n fún un.

Nítorí náà, nígbà tó rí ara Pijó yìí rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé kan ní Ìlawẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun wọ́ ọ wálé. Ó pe Bámgbóyè, mẹ́káníìkì tó ń bá ọ̀kadà àwọn ará àdúgbò ṣiṣẹ́, pé kó wá wò ó. Bámgbóyè yí i po, ó fi ìka kan ara rẹ̀, ó ní bọ́dì gidi ni, ẹ́ńjìnnì kò ní í ṣòro rí. Ayọ̀rìndé gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní òkú ọkọ̀ níwájú ilé tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Ohun tó sọ ti Ayọ̀rìndé di wàhálà ni ṣọ́ọ̀ṣì. Básírí ni ìjọ wọn wà, ìjọ tí wọ́n ti ń fi gbogbo ara dúpẹ́ ni. Pásítọ̀ Ilésanmí a máa kọ́ wọn pé onígbàgbọ́ kì í dúró dìgbà tó bá rí ohun tó tọrọ kó tó dúpẹ́. Dúpẹ́ ná, kí ohun náà wá bá ọ níbi tó o ti ń jó. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Pijó dé, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Ayọ̀rìndé jáde. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè, ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Olúwa ti fún mi ní ọkọ̀."

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ là ń pe èyí tó ń sáré lójú títì, ọkọ̀ náà là ń pe èyí tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ayọ̀rìndé mọ èyí tí òun ń wí, ìjọ náà sì mọ èyí tí àwọn gbọ́. Wọ́n bẹ́ sókè, wọ́n gbé e jó, àwọn ìyá ìjọ fi áńkáṣíìfù nu òógùn ojú rẹ̀. Pásítọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó ta òróró sí i, ó ní ọkọ̀ náà kò ní í rí ewu. Ó wà lẹ́nu Ayọ̀rìndé láti sọ pé ó ku ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n orin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ra. Ìgbà tí orin dákẹ́, ẹnu ti wúwo.

Kí oṣù náà tó tán, wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ọkọ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣètò bí àwọn ọlọ́kọ̀ inú ìjọ ṣe ń gbé àwọn àgbàlagbà wá sí ìsìn, Fúnkẹ́mi, obìnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, sì ni akọ̀wé wọn. Alága mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó mọ ẹni tí yóò gba Ajílósùn, ó mọ ẹni tí yóò ya sí Odò-Adó, ó sì mọ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn tó yẹ kó jókòó níwájú. Òun fúnra rẹ̀ a máa gun ọ̀kadà dé ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì, á sọ̀ síbi tí ojú kò ti tó o, á fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí wọ́n bá béèrè ọkọ̀ rẹ̀, á ní ó wà lọ́wọ́ mẹ́káníìkì. Àwọn tó wá kí i nílé rí i lábẹ́ tapólì, wọ́n padà lọ ròyìn rẹ̀ pé Tísà mọ nǹkan tọ́jú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ta lára jù ni Monínúọlá, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Ìjàn ni, aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Pẹ̀lúmi, ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ilé wá ku àwọn méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò kan ni Monínúọlá ti ń ránṣọ. Nígbà tí onílé náà ní òun fẹ́ fi ibẹ̀ ta ìyẹ̀fun, kò ba ọkàn jẹ́ rárá, torí iwájú ilé tiwọn kọjú sí ọ̀nà, àyè sì wà níbẹ̀ tó tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré sí. Orí àyè náà gan-an ni Pijó jókòó sí.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ṣe sùúrù," ni Ayọ̀rìndé wí fún un. "Bí ọkọ̀ yìí bá ti lè gbéra báyìí, ibẹ̀ di tìrẹ."

Ó ṣe sùúrù, ó tilẹ̀ ṣe ju sùúrù lọ. Òun ló rán aṣọ àga inú ọkọ̀ náà, ó fi okùn aláwọ̀ wúrà yí etí rẹ̀ ká, torí nígbà yẹn òun náà gbà pé ọkọ̀ yóò gbéra. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí pálọ̀, àwọn oníbàárà sì ń fi ara ha àárín ọkọ̀ àti ògiri kí wọ́n tó rọ́nà wọlé. Bámgbóyè á wá lónìí, á so gíà mọ́ ọn. Kó tó tún padà wá, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á ti dógùn-ún. Wọ́n á jó ìsàlẹ̀ pọ̀, táyà á ti jẹrà. Ohun tó kù kì í pọ̀, kì í sì í tán. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Ayọ̀rìndé bá ti ilé-ìwé dé, á ká tapólì sókè díẹ̀, á wọlé sídìí sitíárìn, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bọ́ńpà Pijó fa léèsì oníbàárà kan ya, ìyàwó ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ìjọba ni. Obìnrin náà kò pariwo, ó kàn ká léèsì rẹ̀ sọ́wọ́, ó lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a wá náà kò sì padà wá mọ́. Monínúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ rẹ̀ fi dé. Bí inú bá ń bí i, èdè Ìjàn ni í bọ́ sí i lẹ́nu, ilẹ̀ á di ulẹ̀, ilé á di ulé.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, èwo nínú wa ló ni ulẹ̀ yìí?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní èwo nínú wa ló ni ín, èmi tàbí ọkọ̀?"

"Ó ti kù díẹ̀, Monínú. Bámgbóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé..."

"Bámgbóyè kọ́ ló ń gbé ulé yìí. Ẹ tà á. Ẹ jẹ́ kí n rí ibi gbé ẹ̀rọ mi lé kí n tó di arúgbó."

"Báwo ni mo ṣe máa tà á? A ti dúpẹ́ rẹ̀ tán."

"Ta ló ní kí ẹ dúpẹ́ ọkọ̀ tí kò ní nǹkan nínú?"

Ayọ̀rìndé wọlé lọ bọ́ṣọ, ó sì jáde padà wá jókòó sínú ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Monínúọlá di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìjàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adéfúnkẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níbẹ̀ lẹ́bàá títì. Kò sọ pé òun kọ ọkọ sílẹ̀ o. Ó ní òun ń lọ wá ibi jókòó ṣiṣẹ́ ni, òun ó máa wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ayọ̀rìndé bá a gbé ẹ̀rọ náà, ó bá a dì í mọ́lẹ̀ kó má baà yí dànù lọ́nà, ó tilẹ̀ fa okùn náà wò bóyá ó le tó. Ohun tí mo fi ń bú u títí dòní nìyẹn. Kí ọkùnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù ìyàwó rẹ̀ jáde nílé nítorí irin, kó sì tún máa bi í bóyá okùn le.

Ilé wá dá. Lẹ́yìn tí èyí ti ń lọ fún ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Adébíyìí lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ni ní Ìjàn, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi ń kó iṣu wá sí Ọjà Ọba. Bámgbóyè ló júwe ilé fún un. Òun náà ní Pijó ẹlẹ́yìn gígùn bí irú èyí tẹ́lẹ̀, ó já sí kòtò, ara rẹ̀ sì fọ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló yè, ó sì wà nílé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkùnrin náà kò mọ ọ̀rọ̀ yíyí.

"Ẹ gbọ́, Tísà. Èmi ní inú, ẹ̀yin ní ara. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ mi, mo tà á fún yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ ta ara fún mi. Ọ̀kan nínú wa ni kó mú méjèèjì, kí a yéé fi nǹkan ṣòfò."

"Ẹ fún mi láyè kí n rò ó."

"Ẹ rò ó. Ṣùgbọ́n kí òjò tó mú ọ̀nà oko o, torí mo fẹ́ kó iṣu mi."

Bí Adébíyìí ti jáde báyìí, inú Ayọ̀rìndé gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń wá láti ìgbà yìí wá dúró sí Ìjàn, ní ìlú tí ìyàwó rẹ̀ wà. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ pé òun wa ọkọ̀ náà lọ mú Monínúọlá wálé, pé gbogbo ènìyàn rí i, pé ẹ̀rí náà wá di òótọ́ pátápátá. Agbára rẹ̀ nìkan kò ká ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní òun ó lọ bá Pásítọ̀, kí ìjọ ran òun lọ́wọ́. Ìjọ náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́. Wọ́n ti bá opó kan kọ́ ilé kan tán, wọ́n sì ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra ẹ̀rọ ìgẹrun.

Ó bá Pásítọ̀ Ilésanmí nílé tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà ti ń yọ òun lẹ́nu, pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á. Pásítọ̀ gbé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ò ní í tà á, Alága. Ẹ̀rí tí ẹ ti jẹ́ níwájú pẹpẹ, kò ní í padà sẹ́yìn. Ẹ wò ó, ẹ ti ṣe fún ìjọ yìí, ìjọ náà á ṣe fún yín. Ẹ kàn sọ fún mi. Kí ló kù sára rẹ̀ gan-an?"

Ẹ dúró níbi yìí kẹ́ ẹ wò ó. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Pásítọ̀ jókòó, ó ń wò ó lójú, ojú rẹ̀ sì dára. Ẹni tí yóò bá a sọ òótọ́ kì bá ti rí ju ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bóyá kí Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, bóyá kó mi orí. Ayọ̀rìndé wo ẹ̀pà tó wà nínú àwo.

"Nǹkan kékeré ni, sà," ló wí. "Plọ́ọ̀gì ni."

"Plọ́ọ̀gì?" Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nítorí plọ́ọ̀gì lẹ ṣe fẹ́ ta ìbùkún Ọlọ́run?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Fúnkẹ́mi gbé plọ́ọ̀gì tuntun wá bá a nílé-ìwé, odidi rẹ̀ nínú páálí, pẹ̀lú ìkíni ìjọ. Ayọ̀rìndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e délé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó, ó sì wo koríko inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ káàánú rẹ̀ níbi yìí, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi. Ẹni tó ní ẹnu tí kò fi sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ta ló fẹ́ bá a sọ ọ́?

Ohun tó jẹ́ kó pinnu kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìjọ. Sátidé kan wá, Monínúọlá kò wálé. Ó máa ń dé nígbà tí oòrùn bá ṣì mú, á se ọbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ yóò jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, á fọ aṣọ tísà rẹ̀. Ayọ̀rìndé dúró títí, ó sì pè é lórí fóònù.

"Mi ò lè wá lónìí," ni Monínúọlá wí. "Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ ìgbéyàwó ni."

Ayọ̀rìndé gbọ́ ìró ẹ̀rọ, ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin. Ẹnì kan sọ nǹkan kan lẹ́yìn, Monínúọlá sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá. Ó ti gbàgbé pé ó ṣì gbé fóònù sétí. Ayọ̀rìndé gbìyànjú láti rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ní Òkè-Ìlá, kò rí i rántí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á. Ó pe Adébíyìí, ó ní kó wá gbé ọkọ̀.

Bí a bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, okùn la fi ń fà á, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀ láti darí sitíárìn, kó sì máa tẹ bíréèkì kó má baà lọ rọ́ lu ẹni tó ń fà á. Adébíyìí wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Bámgbóyè yọ búlọ́ọ̀kù kúrò lábẹ́ Pijó, ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó so okùn. Wọ́n wá ń wo ara wọn pé ta ni yóò jókòó sínú Pijó.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Tísà," ni Bámgbóyè wí. "Èmi á jókòó ti oníṣu níwájú."

Òótọ́ ni pé ó mọ ọkọ̀ wà. Ó ti kọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, ó sì ń tún láísẹ́ńsì rẹ̀ gbà bó bá ti ń gbó. Ó ká tapólì kúrò, ó wọlé sídìí sitíárìn, ọkọ̀ akẹ́rù sì fà á. Pijó kọ́kọ́ mì jìgì, ó sì gbéra. Ọjọ́ tí Ayọ̀rìndé tà á ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà á. Atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé, ilé àwọn aládùúgbò ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sitíárìn náà sì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní í purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ojú sì ń tì í pé inú òun dùn.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá Ọjà Ọba, àwọn èrò fà wọ́n sẹ́yìn, wọ́n sì ń lọ ní pẹ̀lẹ́. Àwọn ará ìjọ tó ń tajà níbẹ̀ rí i. Wọ́n rí okùn, wọ́n sì rò pé ọkọ̀ dákú sọ́nà lásán ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alága. Ṣé ó dákú ni?"

"Ó dákú díẹ̀ ni, mà."

"Kò ní í dákú mọ́ lórúkọ Jésù. Ọkọ̀ yín dára o."

"Àmín, mà. Ẹ ṣeun."

Bàbá kan bọ́ fìlà kí i. Ẹlòmíràn ní kí Ọlọ́run fi òróró sí táyà rẹ̀. Ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ó sì ń kí wọn padà títí tí wọ́n fi jáde sí ọ̀nà Ìjàn.

Láti Adó ló ti ń ro ohun tí yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ti sọ fún Adébíyìí pé kó dúró fún òun níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Adéfúnkẹ́, Adébíyìí sì dúró. Àwọn obìnrin tó wá dán aṣọ wò kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń patẹ́wọ́, wọ́n ń ní "Ẹ wá wo ọkọ Ìyá Pẹ̀lúmi." Monínúọlá jáde lẹ́yìn wọn, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó súnmọ́ fèrèsé, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Ẹ tún gbé e tẹ̀lé mi wá síbí?"

"Mo ti tà á, Monínú. Bàbá tó ń fà á yìí ló rà á. Ulẹ̀ ti ṣófo." Èdè rẹ̀ ni òun náà fi sọ ọ́, ó rò pé yóò dùn mọ́ ọn. "Mo wá sọ fún ọ pé kó o máa bọ̀ nílé."

Monínúọlá fọwọ́ lé ojú fèrèsé.

"Ìgbà tí mò ń bẹ̀ yín, ẹ ò tà á. Ìgbà tí mi ò bẹ̀ yín mọ́ lẹ tà á. Nítorí ta lẹ ṣe tà á?"

"Nítorí rẹ ni."

"Nítorí mi kọ́, Bàbá Pẹ̀lúmi. Ẹ̀rù ulé òfìfo ló bà yín." Kò gbé ohùn sókè, kò sì fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló mú kó burú. "Mo ti jókòó síbí. Àwọn èèyàn mọ ibi tí wọ́n ti ń rí mi. Èmi ò tún lè máa di ẹrù kiri mọ́."

Ayọ̀rìndé fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, Pijó yóò sún síwájú. Ó jókòó síbẹ̀, ó di sitíárìn mú. Adéfúnkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ti sọ.

"Àna wa, ẹ kú oríire o. Ọkọ̀ náà ti parí nìyẹn?"

Ayọ̀rìndé la ẹnu, Monínúọlá sì ṣáájú rẹ̀.

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ bá wa dúpẹ́."

Wọ́n dúpẹ́. Adéfúnkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó gbàdúrà fún ọkọ̀ àti fún ọlọ́kọ̀, àwọn oníbàárà ń ṣe àmín, Monínúọlá náà sì ń ṣe é, ohùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Kò jẹ́ kí ojú ti ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ìyẹn sì ni oore tó ṣe fún un kẹ́yìn. Bí àdúrà ti parí, ó kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Adébíyìí fọn fèrè, ó ní ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ̀ akẹ́rù sì fa Pijó lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú.

Bọ́ọ̀sì ni Ayọ̀rìndé wọ̀ padà sí Adó. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn kò tí ì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn. Fúnkẹ́mi, akọ̀wé rẹ̀, ni. Ìjàn ló ti lọ kí ẹbí rẹ̀ kan.

"Alága, ẹ̀yin rèé nínú bọ́ọ̀sì? Ọkọ̀ yín ńkọ́? Wọ́n pè mí pé wọ́n rí yín pẹ̀lú rẹ̀ lónìí lẹ́bàá Ọjà Ọba."

"Ìjàn ló wà."

"Ìjàn? Lọ́dọ̀ ìyàwó yín?"

Ayọ̀rìndé wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń kọjá lọ níta. "Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni," ló wí.

Fúnkẹ́mi kígbe pé oore-ọ̀fẹ́ nìyí. Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ wá ń wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn ọkọ bíi tirẹ̀ ò pọ̀ mọ́." Ó tún fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ gbọ́dọ̀ jáde jẹ́rìí èyí lọ́jọ́ Ìsinmi o, Alága. Kí àwọn ọkọ tiwa náà lè gbọ́."

Ayọ̀rìndé ní kò burú, òun ó jáde.